Julie Moss Rákò Dé Ìlà Òpin

Gbogbo wa la ti sáré rí. Ẹni tó bá lé ewúrẹ́ jáde nínú oko rẹ̀, tàbí tó sáré bá ọkọ̀ tó fẹ́ fi í sílẹ̀ ní gáréèjì, mọ bí àyà ti í lù kì-kì-kì, tí ẹnu í gbẹ, tí ẹsẹ̀ í sì wúwo. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni irú eré bẹ́ẹ̀. Lónìí a ó kà nípa ọmọbìnrin kan tó fi ara ṣe wàhálà fún wákàtí mọ́kànlá, àti ohun tí ara náà ṣe fún un nígbà tí ọ̀nà kù díẹ̀ kí ó tán.

Orúkọ rẹ̀ ni Julie Moss, ọmọ ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1982 ó jẹ́ ẹni ọdún 23, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ni bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń ṣeré ìdárayá. Kí ó tó gba oyè rẹ̀, ó ní láti ṣe ìwádìí kan kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kàkà kí ó wá ẹlòmíràn tí yóò máa wò, ara tirẹ̀ ló yàn. Ó ní òun yóò lọ sá eré ìje kan tó le jù, òun yóò sì wo ohun tí yóò ṣe sí òun. Kì í ṣe eléré tí wọ́n ń sanwó fún. Owó kankan kò tilẹ̀ sí nínú eré náà nígbà yẹn, ìbáà jẹ́ fún ẹni tó gba ipò kìíní.

Eré wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àwọn erékùṣù Hàwáì wà láàárín òkun Pàsífíìkì. Wọ́n jìnnà púpọ̀ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n láti ọdún 1959 ni wọ́n ti di ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn eléré kan ti ń jiyàn. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní àwọn ló lágbára jù, àwọn asáré ní irọ́ ni, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ náà kò sì gbà. Ẹ mọ bí iyàn ti í rí nídìí ayò: kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà fún ẹnì kejì. Ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, John Collins, ló wá ọ̀nà tí iyàn náà yóò fi parí. Eré ìje mẹ́ta ló wà ní erékùṣù Oahu: ọ̀kan nínú òkun, ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀kan ní ẹsẹ̀. Collins ní kí wọ́n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo sì ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Wọ́n pe eré náà ní Ironman, èyí ni pé ẹni tó bá ṣe é yọrí, irin ni ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 1978, ọkùnrin 15 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn 12 ló parí rẹ̀. Gordon Haller ló ṣe ipò kìíní, ó sì gbà á ní wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 58. Ní ọdún kejì, obìnrin kan bá wọn sá a, Lyn Lemaire ni orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, àtọkùnrin àtobìnrin, ipò karùn-ún ló ṣe. Ẹni tó bá ń rò pé eré ọkùnrin nìkan ni, kó tún un rò.

Ẹ wo bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Àkọ́kọ́, kìlómítà 3.8 nínú òkun, tí ìgbì ń gbé ènìyàn sókè sódò. Lẹ́yìn èyí, kìlómítà 180 lórí kẹ̀kẹ́. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Èkó títí dé Ọ̀yọ́, tí a bá gba Ìbàdàn. Bí ẹ bá ti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ẹ ó wá fi ẹsẹ̀ sáré kìlómítà 42 àti díẹ̀. Kò sí pé a sùn láàárín, kò sí pé ó di ọ̀la.

Láti ọdún 1981 wọ́n gbé eré náà lọ sí erékùṣù tó tóbi jù ní Hàwáì, sí ìlú Kailua-Kona. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń sáré. Òkè oníná ti tú jáde níbẹ̀ láyé àtijọ́, ohun gbígbóná tó ṣàn wá ti di òkúta dúdú tó tẹ́ lọ súà. Òkúta yìí ń gba oòrùn sára bí ìkòkò orí iná. Igi tó lè ṣíji boni kò pọ̀. Afẹ́fẹ́ sì tún ń bẹ tó ń dojú kọ oníkẹ̀kẹ́, bí ẹni pé ó ń tì í padà sílé.

Níbẹ̀ ni Julie Moss wà ní ọjọ́ 6 oṣù Èrèlé ọdún 1982. Ó lúwẹ̀ẹ́, ó gun kẹ̀kẹ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń sáré. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe rí i pé òun ló wà níwájú gbogbo obìnrin. Ẹni tó wá ṣe ìwádìí fún ilé ìwé ti fẹ́ di ẹni tí yóò gba ipò kìíní! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, kí ó ṣáà ti parí eré náà ti tó o. Ní báyìí, ó fẹ́ borí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan, Kathleen McCartney, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sì dẹ eré.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ká wo inú ara. Iṣu, ẹ̀bà, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí à ń jẹ, ara a máa sọ wọ́n di ṣúgà. A máa lo díẹ̀, a sì máa kó díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú iṣan. Ìyẹn ni kẹrosíìnì inú àtùpà wa. Bí ènìyàn bá ń sáré kíkankíkan fún wákàtí púpọ̀, tí kò sì jẹun tó lójú ọ̀nà, èyí tó wà nípamọ́ á tán. Òótọ́ ni pé ọ̀rá ṣì wà lára, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í yára jó bí ṣúgà. Ẹsẹ̀ á wá kọ̀. Orí pàápàá á máa fò, nítorí ṣúgà ni ọpọlọ ń lò jù. Tí a bá tún fi òógùn tó ti dà kún un, tó kó omi àti iyọ̀ jáde lára, ẹ ó rí i pé wàhálà náà pọ̀. Omi nìkan kọ́ sì ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń da omi púpọ̀ sínú láìsí iyọ̀ nínú ara lè ṣàìsàn gan-an, ó tilẹ̀ lè kú.

Ó kù díẹ̀ kí Julie dé ìlà òpin, ilẹ̀ ti ń ṣú, ni orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó ṣubú. Ó dìde, ó rìn díẹ̀, ó tún ṣubú. Ara rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, débi pé kò lè dá ìgbẹ́ dúró, lójú gbogbo èrò. A kò kọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ara ṣe í ṣe nìyẹn nígbà tí agbára bá tán pátápátá.

Àwọn ènìyàn sáré wá láti gbé e dìde. Ó fi ọwọ́ lé wọn sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ nínú eré yìí, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, gbogbo làálàá wákàtí mọ́kànlá á sì di asán.

Ó ń wo ìlà òpin lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí McCartney kọjá lára rẹ̀. Ipò kìíní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyẹn. Kí ni ì bá kù fún un láti ṣe? Ó lè jókòó síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà, kò sẹ́ni tí ì bá bá a wí. Julie fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, ó ń rákò bí ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn, títí ó fi na ọwọ́ kọjá ìlà.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. McCartney gba wákàtí 11, ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 40. Julie gba wákàtí 11, ìṣẹ́jú 10 àti ìṣẹ́jú àáyá 9. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Bí ẹ bá rí 29, ẹ gbà á. Ìṣẹ́jú àáyá 29 péré! Ẹni tó bá fẹ́ mu omi nínú àmù, kò ní í tíì gbé ife kalẹ̀.

Wọ́n fi eré náà hàn nínú tẹlifíṣọ̀n káàkiri Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ eré yìí rí wá fẹ́ lọ sá a. Ọ̀kan nínú àwọn tó rí Julie ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Mark Allen. Òun náà bọ́ sínú eré náà, ó sì gba ipò kìíní ní Hàwáì lẹ́ẹ̀mẹfà. Òun àti Julie sì fẹ́ ara wọn nígbà tó yá.

Àwa tí à ń kọ ìwé yìí kò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ Julie. Ẹnì kan nínú wa ní ìgboyà ni. Ẹnì kejì ní bí ó bá jẹ́ ọmọ òun ni, òun ì bá gbé e kúrò lójú ọ̀nà pẹ̀lú ipá, kí wọ́n máa yọ orúkọ lọ, torí ẹ̀mí ju ipò kejì lọ. A kò tíì parí iyàn náà. Ẹ bá wa sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ ìkàwé yín.

Ní ọdún 2012, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ọjọ́ náà, Julie Moss àti Kathleen McCartney padà lọ sí Kona láti tún eré náà sá. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà yẹn.