Kí A Tó Ra Gílóòbù Tuntun, Ẹ Jẹ́ Ká Wọn Choke Wò

Tí gílóòbù gígùn tó wà lókè kíláàsì bá kọ̀ tí kò tàn, gílóòbù yẹn náà la máa ń dá lẹ́bi. A ó dá owó jọ, a ó ra tuntun, wọ́n á gbé e sókè. Nígbà mìíràn á tàn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á tàn fún ọjọ́ díẹ̀, ìkángun rẹ̀ méjèèjì á dúdú, á sì kú. Owó tún wọgbó nìyẹn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nǹkan mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí iná fluorescent tó tàn: gílóòbù fúnra rẹ̀, starter àti choke. Ó yẹ ká gbọ́ tẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pàápàá choke, torí choke tó ti bàjẹ́ lè máa pa gílóòbù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura sí i. Mítà kékeré tó wà ní yàrá Físíìsì lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Iṣẹ́ wo ni choke ń ṣe?

Choke ni nǹkan onírin tó wúwo, tó máa ń wà nínú páànù tí gílóòbù so mọ́. Wáyà bàbà tín-ín-rín ni wọ́n wé mọ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn. Wọ́n kun wáyà náà ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí iná fò láti orí ìwé kan sí èkejì.

Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni láti tan gílóòbù. Tí a bá tẹ súìṣì, iná á gba inú choke, á gba filament méjèèjì àti starter kọjá. Lẹ́yìn díẹ̀, starter á já iná náà lójijì. Choke kì í fẹ́ kí iná inú rẹ̀ já lójijì, nítorí náà á ju agbára tó pọ̀ ju 230V lọ dáadáa sára gílóòbù. Òun ló ń mú gáàsì inú rẹ̀ tàn. Ohun tí a kọ́ ní Físíìsì pé ó ń jẹ́ self-induction gan-an nìyí.

Iṣẹ́ kejì ni láti di iná mú. Tí gáàsì bá ti tàn tán, kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́. Iná tó ń gbà á á máa pọ̀ sí i ni títí yóò fi jóná. Choke ló ń sọ pé ó tó. Lára choke 36W, wọ́n sábà máa ń kọ 0.43A.

Ìṣirò kékeré kan

Tí a bá fi mítà wọn choke 36W tó dáa, ìdènà wáyà rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi 25 sí 40 ohm. Ẹ jẹ́ ká mú 35. Tí a bá pín 230 sí ọ̀nà 35, a ó rí nǹkan bíi 6.6A. Báwo wá ni 0.43A ṣe jẹ́?

Ìdí ni pé iná ilé ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wíwé tí wọ́n wé wáyà náà mọ́ irin ló ń tako lílọ-bíbọ̀ yẹn. Bátìrì mítà kì í lọ kó bọ̀ ní tiẹ̀, nítorí náà ìdènà wáyà nìkan ló lè rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá wúlò.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí

Ẹ má sọ pé nítorí kò síná, ẹ lè fọwọ́ kan wáyà. Iná lè dé nígbàkúgbà, ẹnìkan sì lè tan jẹnẹrétọ̀. Súìṣì ara ògiri nìkan ò tó pẹ̀lú. Ibòmíràn wà tí wọ́n ti so súìṣì náà mọ́ wáyà tí kò yẹ, gílóòbù á kú ṣùgbọ́n iná á ṣì wà nínú páànù. Ìyá súìṣì ni kí wọ́n pa, kí ẹnìkan sì dúró tì í. Iṣẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ iná ni láti gòkè lọ tú choke kúrò, kí wọ́n sì kọ́kọ́ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò pé kò síná níbẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́, orí tábìlì ni ká ti máa wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

1. Ẹ yí mítà sí 200 níbi tí wọ́n kọ Ω sí. Ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan ti dúdú. Ó yẹ kó sún mọ́ òdo, bíi 0.3. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mítà yín ló kọ́kọ́ ń ṣàìsàn.

2. Ẹ fi pupa kan ojú kan lára choke, kí ẹ fi dúdú kan ojú kejì. Ẹ ka iye tó bá yọ.

3. Tí "1" kan ṣoṣo bá dúró sápá òsì, tàbí tí OL bá yọ, wáyà inú rẹ̀ ti já. Choke ti kú nìyẹn.

4. Tó bá jẹ́ òdo tàbí ohm díẹ̀ péré, ọ̀dà ara wáyà ti jóná, àwọn ìwé rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Apani gílóòbù nìyí, torí kò lè di iná mú mọ́.

5. Tó bá wà láàárín 25 sí 40 fún choke 36W, wáyà ò já, kò sì tíì lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Ti 18W máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dájọ́.

6. Ẹ yí mítà sí 2000k. Ẹ fi wáyà kan kan ojú choke, kí ẹ fi èkejì kan irin ara rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ṣí. Ẹ má fi ìka kan irin ẹnu wáyà mítà, torí mítà á wọn ara yín mọ́ ọn. "1" ló yẹ kó yọ. Tí iye kankan bá yọ, iná lè máa jò sára páànù. Ẹ má lo choke bẹ́ẹ̀, kódà tí gílóòbù bá ń tàn.

Ẹ má tẹ̀lé ohùn

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí mítà síbi tó ti ń ké. Tó bá ti ké, wọ́n á ní choke dáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ọ̀pọ̀ mítà kì í ké mọ́ tí ìdènà bá ti tó 30 sí 50 ohm. Choke tó dáa lè dákẹ́, èyí tó ti lẹ̀ mọ́ra á sì ké kíkan. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ju ẹni rere nù, tí wọ́n ń gbé ọ̀daràn padà sókè. Iye ni ká kà.

Ohun tí mítà ò lè rí

Tó bá jẹ́ ìwé díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ra, 35 lè di 33, mítà ò sì ní pariwo. Ẹ fi wé choke tuntun irú kan náà. Ẹ wo àmì mìíràn pẹ̀lú: òórùn jíjóná, kíkùn tó pọ̀ jù, gílóòbù tó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Starter tó dáa á fi "1" hàn, èyí tó ti já náà á fi "1" hàn, nítorí náà ẹ fi òmíràn tó dáa pààrọ̀ rẹ̀ wò. Ní ti gílóòbù, ẹ wọn ẹsẹ̀ méjì tó wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Ohm díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ "1", filament ibẹ̀ ti já.

Choke electronic tó fúyẹ́ ò sí nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ má tú u: ohun tó wà nínú rẹ̀ lè di iná tó ju 300V mú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa súìṣì.

Ìbéèrè

Choke 36W mẹ́ta wà lórí tábìlì. A: 34 ohm, sí irin "1". B: 2.5 ohm, sí irin "1". D: 36 ohm, sí irin 420 lórí 2000k. Èwo la lè gbé padà sókè? Èwo ló dájú jù pé mítà á ké fún? Kí la tún máa wò lára A kí ọkàn wa tó balẹ̀? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé, kí ẹ jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ oníròyìn.