Ìrìn àjò ike omi: láti ẹnu ọ̀nà dé ilé iṣẹ́

Báwo ni ike tí a mu omi inú ẹ̀ tán ṣe ń dé ilé iṣẹ́ tó máa sọ ọ́ di nǹkan mìíràn? Àtúnlò là ń pe iṣẹ́ yẹn: kí á tún ohun tí a ti lò tán lò.

Ní Toronto tí mò ń gbé, a ó da ike àti agolo sínú garawa aláwọ̀ búlúù, ọkọ̀ á wá kó o lọ. Ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó ò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀nà há, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Bilikiss Adébíyìí-Abíọ́lá, tó ti fìgbà kan kọ sọ́fítíwíà ní IBM, ní lọ́kàn nígbà tó dá Wecyclers sílẹ̀ lọ́dún 2012. Nígbà yẹn, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n fi ń wọ àdúgbò. Wọ́n á gbé ike onílé sórí òṣùwọ̀n, máàkì ẹ̀ á sì wọlé sórí fóònù bí àtẹ̀jíṣẹ́. Máàkì yẹn ni onílé máa fi gba nǹkan ìlò ilé. Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwíà jẹun fẹ́ràn àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an, torí ẹ̀rí ni: onílé mọ iye tó kó sílẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ẹ jẹ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á tà á fún ilé iṣẹ́. Níbẹ̀, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sínú omi. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kílò 1. PET tí wọ́n fi ń ṣe ara ike omi, tó bá kún lítà kan, ó máa tó nǹkan bíi kílò 1.4, torí náà ó máa rì. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ẹ̀ kò tó kílò 1, torí náà ó máa léfòó. Omi lásán ti yà wọ́n!

Ṣùgbọ́n omi ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù, máa ń rì bíi PET. PET ò sì ní yọ́ àfi tó bá gbóná tó nǹkan bí 250 lórí ìwọ̀n Celsius. Kó tó débẹ̀, PVC á ti máa bàjẹ́, á tú ásíìdì jáde, ásíìdì yẹn á sì ba PET jẹ́.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣa ike fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó mọ́, tí wọn ò pa pọ̀ mọ́ òmíràn, ló ń mówó wọlé fún ẹni tó kó o; òun náà ló lè di òwú tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.

Ẹ dán an wò nílé: ẹ gé díẹ̀ lára ike omi, ẹ tì í wọ inú abọ́ omi pẹ̀lú ìdérí ẹ̀. Èwo ló rì? Èwo ló léfòó? Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ.