Láàárín Onímọ̀ àti Ìjọba
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dá tí ó dá ní Sahel láti 1968 dé 1973 pa ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ fi dá ibùdó AGRHYMET sílẹ̀ ní Niamey ní 1974, láti máa ṣe ìwádìí òjò àti irúgbìn.

Onímọ̀ a máa wọn òjò. Ìjọba a máa pàṣẹ. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́ tí í gba ìjọba nímọ̀ràn lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ìṣirò di ọ̀rọ̀ tí ó yéni: níbo ni òjò lè má rọ̀ tó? Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ohun tí kò bá dájú, kí ó wí pé kò dájú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe pẹ́: ìmọ̀ràn tí ó dé lẹ́yìn ìgbà ìgbìn kì í kún aká.