Kí Ló Pa Òwò Náà: Tilé Ni, àbí Tòde?

Ìmọ̀ràn fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjerò, Arámọ̀kọ, Ẹ̀fọ̀n àti agbègbè wọn tí ẹ ń múra àtidá òwò sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ṣọ́ọ̀bù kan bá kógbá sílé ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ méjì la máa ń gbọ́. Ẹni tó ni ín á ní ìjọba ló fà á. Àwọn aládùúgbò á ní ọwọ́ rẹ̀ ló là jù. Ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ ni tọ̀tún-tòsì ń sọ. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń dá tilé, ìyẹn àṣìṣe oníṣòwò fúnra rẹ̀, mọ̀ yàtọ̀ sí tòde, ìyẹn ohun tí agbára rẹ̀ ò ká, torí oògùn tilé kì í wo tòde.

1. Ẹ má fi òwe bojú. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹbí. Nínú òwò, ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹ rántí oṣù Kejì ọdún 2023. Láti oṣù Kẹwàá 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ ti kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn èèyàn ò gba ti àtijọ́ mọ́, a ò sì rí tuntun. Obìnrin tó ń ta tòmátì, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, tí ẹnu rẹ̀ sì dùn, jókòó ti agbọ̀n rẹ̀ títí tí tòmátì fi ń ṣomi. Owó wà ní báńkì àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n tòmátì kì í dúró de adájọ́. Ikú òde gan-an nìyẹn.

Síbẹ̀, ẹ wo àwọn tó yè é. Àwọn tó ti ń gba tíráńsífà kí wàhálà tó dé ni, àti àwọn tó mọ oníbàárà wọn dé ilé bàbá rẹ̀, tí wọ́n lè tà fún un láwìn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì lọ sùn.

2. Owó ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe owó ilé. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀, àmọ́ lójú tèmi, òun ló ń pa òwò jù lágbègbè wa, ó pa á ju ìjọba lọ. Bó o bá mú mílíìkì nínú ọjà rẹ láti fi mu tíì, kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé àjèjì ló rà á. Dá owó oṣù fún ara rẹ, má sì kọjá rẹ̀. Ìyá tó ní kó o bu ìrẹsì fún òun, ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ yá owó ìkómọ, inú owó oṣù rẹ ni kó o ti fún wọn. Mo mọ̀ pé ó le. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì yóò jẹ́ orúkọ tí wọn ò sọ ọ́.

3. Mọ ẹni tó ń dá iye lé ọjà rẹ. Láti Ẹ̀fọ̀n dé Òkèmẹ̀sí, láti Arámọ̀kọ dé Ẹ̀rìnjìyàn àti Ìpólé-Ìlórò, kòkó ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, òun ló sì rán ọ̀pọ̀ yín níwèé. Nígbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó ìjọba wà, wọ́n á kéde iye kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè, agbàkòkó á sì mọ ohun tí òun ń bá lò títí ọdún á fi yí. Ìjọba Babangida tú bọ́ọ̀dù náà ká ní 1986. Láti ìgbà náà, ọjà London àti ti New York ló ń sọ iye rẹ̀, ohùn wọn sì ń yí lójoojúmọ́.

Ní 2024, ìkórè Gánà àti Ivory Coast, tí wọ́n ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ, kùnà nítorí ojú-ọjọ́ àti àrùn igi kòkó. Tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní oṣù Kẹta, nígbà tó fi di oṣù Kejìlá, ó ti kọjá 12,000. Àgbẹ̀ Ẹ̀fọ̀n tí kò gbin igi kan kún tàtijọ́, tí kò ro oko ju bó ṣe ń ro ó lọ, wá di olówó. Inú mi dùn sí i. Àwọn ọ̀dọ́ agbàkòkó tó rò pé ọgbọ́n àwọn ló ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀rù wọn bà mí. Wọ́n yá owó elérè, wọ́n ra kòkó, wọ́n tò ó dé àjà, wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ wá gbówó lórí. Kí 2025 tó parí, iye náà ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Gbèsè ò bá a wálẹ̀.

Kí ló wá kù lọ́wọ́ rẹ? Kòkó fúnra rẹ̀ ni, bó ṣe dára tó. Bó o bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun, wọn ò ní wo ojú rẹ. Wọ́n á bu díẹ̀ lókè àpò, díẹ̀ láàrin, díẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á ka hóró 300 sílẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Èyí tí wọ́n bò dáadáa lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó sá a, inú rẹ̀ á pọ́n dúdú. Èyí tí wọ́n kánjú sá, inú rẹ̀ á rí bí eérú. Èyí tí òjò pa níbi tí wọ́n sá a sí, á ti bu, wàá rí funfun rẹ̀ lójú ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki ẹ̀rọ tó ń wọn omi ara kòkó bọ inú rẹ̀. Ẹni tó bu omi wọ́n tirẹ̀ kó lè tẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ń tú. New York ló ń sọ iye. Kò sí bó ṣe lè bá ọ sá kòkó.

4. Má fi ìjọba ṣe oníbàárà kan ṣoṣo. Omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pàdé ní Ìkògòsì kò mọ ìbò, ṣùgbọ́n ilé ìgbafẹ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì lábẹ́ Káyọ̀dé Fáyẹmí, ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ láàrin 2010 sí 2014, tún ibẹ̀ ṣe, àlejò sì ń wọlé. Ìjọba yí padà, ìtọ́jú rẹ̀yìn. Nígbà tó yá, wọ́n fà á lé aládàáni lọ́wọ́. Ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà àti ọlọ́kadà tó ń gbé àlejò kò bá ẹnikẹ́ni jà, àmọ́ ìdìbò kan náà ló gé oúnjẹ wọn kúrú. Bó o bá fẹ́ ṣòwò nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣe é, ṣùgbọ́n máa ta ọjà rẹ fún ará ìlú náà, kó o sì mọ ọdún tí ìbò kàn.

5. Oníbàárà lè lọ, kí iṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà. Ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn agbẹ́gilére agboolé Adéṣínà. Agbọ́nbíòfẹ́, tó kú ní 1945, gbẹ́ òpó sí ààfin Aláayè, ọba Ẹ̀fọ̀n, iṣẹ́ náà sì gbé orúkọ rẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè. Ọba, ìjòyè àti àwọn olórìṣà ló ń gbéṣẹ́ fún irú wọn. Ní 1930 ni ìsọjí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà, kò sì pẹ́ tó fi dé Ẹ̀fọ̀n, níbi tí wọ́n sin Babalọlá sí ní 1959. Àwọn èèyàn kó ère dànù. Ẹ rò ó wò: kò sí ohun tó ṣe àáké, kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ tó dì í mú. Oníbàárà ló gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Ní 1947, àwọn fádà ìjọ Àgùdà dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Kevin Carroll sì ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní kí àwọn agbẹ́gilére wá gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ìtàn Bíbélì bí Yorùbá ṣe ń gbẹ́gi. Bándélé, ọmọ agbẹ́gilére Aréògún, wà níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì láìwí nǹkan kan, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà tó yá. Ìbéèrè tí àwọn fádà yẹn dáhùn ni kí ìwọ télọ̀, ìwọ ayàwòrán, ìwọ tó ń dirun, máa bi ara rẹ lọ́dọọdún: ta ló tún nílò ohun tí ọwọ́ mi mọ̀?

6. Òfin. Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC (àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀ ni mò ń wí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ CAC). Ẹni tó fẹ́ ṣe omi inú ọ̀rá, kó gba nọ́ńbà NAFDAC kó tó ra ẹ̀rọ kejì. Ẹ̀yin ọmọ Ìjerò tí ẹ ń wo kólọ́ńbáìtì àti kèólíìnì, òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ bàbá bàbá yín. Láìsí ìwé àṣẹ, ẹ ò ní nǹkan kan níbẹ̀ ju ihò lọ.

7. Epo àti ọ̀nà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba ní ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, lítà kan fò láti nǹkan bí ₦190 lọ sókè ₦480. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń gba ọ̀nà Ìta-Awùrẹ́ wọlé mọ ohun tí ọkọ̀ ní kó san. Mi ò ní ìmọ̀ràn ńlá kan lórí èyí. Ẹ pawọ́ pọ̀ gba ọkọ̀ kan, kí ẹ má sì fi iye tí ẹ ra ọjà oṣù tó kọjá ta ti oṣù yìí.

8. Jẹ́ kí ẹlòmíì mọ òwò náà. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ìjọba tó fọwọ́ kàn án, tí ọjà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tó sì kú láàrin oṣù mẹ́ta tí oníṣọ́ọ̀bù fi wà lórí ibùsùn. Inú orí rẹ̀ nìkan ni gbogbo ọ̀rọ̀ òwò náà wà: ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ẹni tí òun náà jẹ ní gbèsè, ibi tó ti ń ra ọjà, iye tó kéré jù tó lè gbà. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ gbígbá àti ẹrù gbígbé nìkan ló sì mọ̀, torí ọ̀gá ń bẹ̀rù kó má lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ dandan. Kọ́ ọ, san owó rẹ̀ pé, ṣe ìdúpẹ́ fún un lọ́jọ́ tó bá gbòmìnira, kó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ ló ti máa wá ra ọjà àràtúntà. Ìwé àwọn onígbèsè rẹ ńkọ́? Èèyàn méjì ni kó mọ ibi tó wà, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ẹbí.