Ìwé Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN

Ibi kíkà: Dáníẹ́lì 1:3-20, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:18-20, Diutarónómì 18:9-14
Ẹsẹ àkọ́sórí: 1 Tẹsalóníkà 5:21
Ète ẹ̀kọ́: Kí àwa òbí àti alágbàtọ́ lè mọ ohun tó yẹ kí á béèrè kí á tó dá ìwé tí ọmọ wa ń kà lẹ́jọ́.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, iná ti ń jó lẹ́yìn ilé ìdáná, ìwé nípọn kan sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 15, ni wọ́n ti rí i. Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọmọ aládùúgbò kan ti túmọ̀ àkọlé rẹ̀ fún wọn: ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, egungun wà níbẹ̀, orúkọ òrìṣà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ gbàdúrà sí i kí n tó sọ ọ́ síná." Ọmọ náà dúró ti ògiri. Kò sunkún, kò sì sọ̀rọ̀.

Children of Blood and Bone ni orúkọ ìwé náà. Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 2018. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, nípa àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní agbára idán ní ilẹ̀ kan tí ó pè ní Orïsha. Ọba ilẹ̀ náà, Saran, ti pa àwọn onídán rẹ́, ó sì pa ìyá ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Zélie pẹ̀lú wọn. Zélie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti ọmọ ọba tó sá kúrò láàfin ni wọ́n jọ ń wá ọ̀nà tí idán yóò fi padà.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà kà á sí wa létí ná, kó máa túmọ̀ rẹ̀. Iná kò ní sá lọ. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìwé náà gbé Ìlọrin sí etí òkun, tí àwọn ará Ìlọrin ń fi apẹja ṣe iṣẹ́, Màmá rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Wọ́n ní, "Òkun wo ló wà ní Ìlọrin?" Wọ́n wá fa àpótí, wọ́n jókòó.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Àwọn ìwé Éfésù. Ibi tí Màmá dúró lé ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Òótọ́ ni pé wọ́n dáná sun ìwé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo irú ìwé tí í ṣe, kí á sì wo ẹni tó sun ún. Ìlú Éfésù lókìkí fún ọ̀rọ̀ awo. Àwọn ará ibẹ̀ a máa kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀, wọn a so wọ́n mọ́ra bí a ti ń so oǹdè. Irinṣẹ́ ni ìwé náà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n, bí ọkọ́ ti jẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbàgbọ́, àwọn fúnra wọn wá, wọ́n jẹ́wọ́ iṣẹ́ wọn, wọ́n kó ìwé ara wọn jáde. Iye rẹ̀ jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Bí owó fàdákà kan bá jẹ́ owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe kan, bí wọ́n ti máa ń ṣírò rẹ̀, ọkùnrin kan yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún 130 lọ láìsinmi kó tó rí iye yẹn. Kò sí ẹni tó wọ inú yàrá ẹlòmíràn lọ gbé e.

Màmá fúnra wọn ló là mí lójú síi níbi ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní bàbá tó bí wọn sọ àdó àti ìgbàdí síná nígbà tí ìsọjí dé Èkìtì. (Ìsọjí tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Josẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930 ni, ó dé Èfọ̀n-Aláayè, ó sì tàn ká ilẹ̀ wa.) Mo béèrè pé, "Màmá, ta ló bá wọn kó o jáde?" Wọ́n ní, "Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Àwọn náà ló kó o." Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ìwé ọwọ́ ọmọ.

Ẹ̀yin àgbà inú kíláàsì yìí, ó dájú pé ọ̀pọ̀ yín ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ilé ìwé. Iwin wà nínú rẹ̀, ọfọ̀ wà nínú rẹ̀. D. O. Fágúnwà ará Òkè-Igbó, olùkọ́ àti Kristẹni, ló kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ní Èkó ló sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò di oṣó nítorí rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2001, ìjọ kan ní Alamogordo ní Amẹ́ríkà dáná sun ìwé Harry Potter, tí í ṣe ìtàn àwọn ọmọ oṣó ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ayé gbọ́ nípa iná náà. Mi ò mọ ọmọ tí ó tìtorí rẹ̀ dẹ́kun kíkà.

Ṣùgbọ́n kí n má ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà di fúyẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkè Olósùnta, tó ń rí ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, kò lè sọ pé orúkọ òrìṣà jẹ́ àlọ́ lásán. Yorùbá ni èdè idán nínú ìwé Adeyemi. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kà á lè máa gbọ́ ìró ohùn nìkan. Ọmọ tiwa gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ọya ni agbára Zélie ti wá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kíké pe ẹ̀mí àwọn òkú. Ohun tí Diutarónómì 18 kà léèwọ̀ gan-an nìyẹn, ohun tí Sọ́ọ̀lù sì lọ ṣe ní Éńdórì nìyẹn (1 Sámúẹ́lì 28). Òbí tí ẹ̀rù bà kò ṣàṣìṣe.

Dáníẹ́lì ní ilé ẹ̀kọ́ Bábílónì. Ọ̀dọ́ ni Dáníẹ́lì nígbà tí wọ́n kó o lọ. Wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn, wọ́n sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ ọ ní ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà, àwọn tí ìmọ̀ wọn dà pọ̀ mọ́ iṣẹ́ awo àti wíwo ìràwọ̀. Ẹ kíyè sí ibi tí Dáníẹ́lì ti kọ̀. Ní ìdí oúnjẹ ọba ni. A kò kà pé ó kọ ìwé. Ó kà á débi pé nígbà tí ọba dán wọn wò, ó sàn ju àwọn pidánpidán ilẹ̀ náà lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Nígbà tí ọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn amòye Bábílónì, Dáníẹ́lì ló bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí wọn (2:24). Ó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò dá nìkan wà: àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta wà pẹ̀lú rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbàdúrà.

Ohun tí ọmọ náà rí. Mo bi í pé, "Ṣé o fẹ́ ní irú agbára yìí ni?"

Ó ní, "Rárá sà. Mo mọ̀ pé àròsọ ni."

"Kí ló wá dé tí o fi gbé e pamọ́?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Wọ́n pa ìyá Zélie, ṣùgbọ́n kò yé dárúkọ rẹ̀. Nínú ilé yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin màmá mi, kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn."

Ẹ̀yin ará, a ti mọ ìdí rẹ̀. Màmá ló bí olóògbé. Òkú ọ̀fọ̀ ni, ilẹ̀ wa kò sì fẹ́ kí òbí sọ̀rọ̀ irú òkú bẹ́ẹ̀. Àwa ìjọ náà wá ní ọjọ́ ìsìnkú, a kọrin, a fi owó sílẹ̀, a sì rò pé bí a kò bá dárúkọ ìyá náà níwájú ọmọ, àánú la ṣe é. Ìwé tí ó ti òkè òkun wá ló bá a sọ ohun tí a kò bá a sọ. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì wa kò dákẹ́ lórí rẹ̀: Dáfídì sọ gbangba pé ọmọ òun tó kú kò ní padà wá bá òun, ṣùgbọ́n pé òun ni yóò lọ bá a (2 Sámúẹ́lì 12:23). Jésù sunkún ní ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó sì mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tirẹ̀ lè ka ibi tí Zélie ti ń pe òkú, kó sì sọ fúnra rẹ̀ ìdí tí òun kò fi ní tọ ọ̀nà yẹn.

Màmá dìde, wọ́n gbé ìkòkò iṣu ka iná náà. Wọ́n ní kí ọmọ wá jókòó. Nígbà tí mo ń lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ bí ìyá rẹ̀ ti ya olórí kunkun tó nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó sunkún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èwo nínú ohun tí àwọn ará Éfésù ṣe ló yàtọ̀ sí ohun tí Màmá fẹ́ ṣe? Èwo ló bá a mu?
2. Kí ló dé tí Dáníẹ́lì fi kọ oúnjẹ, tí kò kọ ìwé?
3. Ìwé wo ni ọmọ ilé rẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí? Bí o kò bá mọ̀, bi í lóòní, kó o sì jẹ́ kó kà á sí ọ létí.
4. Ẹ dárúkọ àwọn ọmọ inú ìjọ wa tí bàbá tàbí ìyá wọn ti kú láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ta ni nínú kíláàsì yìí ló ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀rọ̀ nípa olóògbé?