Nígbà Tí Ajá Kò Bá Gbọ́ Fèrè Mọ́

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ alágídí la sábà máa ń pa òwe yìí fún, a ó sì di gbogbo ẹ̀bi ru ajá. Ọdẹ ńkọ́? Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ìtàn sọ pé àwọn ọdẹ ló ṣíwájú débẹ̀, ibẹ̀ ló tọ́ ká ti bi ọdẹ léèrè ohun tó ṣe fún ajá rẹ̀ kí etí ajá tó di. Torí ajá kan wà tí kì í gbọ́ fèrè lóòótọ́, tí kì í mọ olówó rẹ̀ mọ́: ajá tí dìgbòlugi mú.

Ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ ajá kì í ṣe ti olówó rẹ̀ nìkan: láti ọdún 1824 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ní ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹran. Kò pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ tí wọ́n fi ń rán olùbẹ̀wò lọ sọ́jà Smithfield, láti wo bí wọ́n ṣe ń lo màlúù àti àgùntàn. Títí dòní, ẹni tó ń gbowó oṣù wà láwọn ìlú ńláńlá tó ń mú ajá tó ń rìn kiri láìlólówó, tó sì ń fa ẹni tó fìyà jẹ ẹran lé òfin lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń retí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti Kùtọnu wá sí Ìlárá lójú ààlà Nàìjíríà yóò jókòó pẹ́. Dókítà ẹran ti ìjọba kò lè wà ní gbogbo abúlé Kétu àti Pọbẹ̀. Àwa tó ni ajá la ó máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ṣáájú, lọ́dọọdún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan láyé ajá. Ìmọ̀ abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe tuntun: ọdún 1885 ni Louis Pasteur gún ọmọkùnrin kan tí ajá dìgbòlugi gé jẹ, ọmọ náà sì yè. Ọdún kejì rẹ̀ ni ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún, ajá ló sì kó o ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ajá 70 nínú 100 ládùúgbò bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kì í rí ọ̀nà gbà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fi májèlé pa ajá ìgboro: èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ a bá a lọ, ọmọ ajá tí kò gbà á a sì dípò rẹ̀. Ọdẹ tó rówó ra ẹ̀tù, ẹ má jẹ́ kó sọ fún yín pé òun ò rówó abẹ́rẹ́ ajá.

Ká ní ó ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́, tí ajá gé ọmọ jẹ? Ọmọdé ló sì sábà máa ń bá: nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ajá tí a fura sí pé ó ní dìgbòlugi gé jẹ, bíi mẹ́rin ni kò tíì pé ọdún 15. Ẹ má wá ata, ẹ má wá epo, ẹ má da ẹ̀tù sójú egbò. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, bí ọmọ tilẹ̀ ń ké. Ìṣẹ́jú 15 gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ wo aago. Ilé ìwòsàn ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí èyí tó wà nítòsí kò bá ní abẹ́rẹ́, kí wọ́n júwe ibi tó wà, kẹ́ ẹ sì lọ. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ ni kí ọmọ gbà tán. Àrùn yìí máa ń lúgọ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nígbà mìíràn a tó ọdún kan. Egbò á ti jinná, a ó ti gbàgbé ajá, kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi. A ó wá máa wá àjẹ́ kiri nínú ẹbí. Nígbà tó bá dé ibẹ̀, kò sí oògùn tó ṣeé gbára lé mọ́, ì báà ṣe ti dókítà tàbí ti babaláwo.

Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Bí ajá náà bá ní olówó, tó sì ṣeé mú, ẹ má yọ àdá sí i. Ẹ há a mọ́, ẹ fún un lóúnjẹ àti omi, ẹ máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá wà láàyè tí ara rẹ̀ dá títí di ìgbà náà, kò ní àrùn ọ̀hún lẹ́nu lọ́jọ́ tó gé ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọmọ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ 10 yìí. Bó bá kú, ẹ ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Ẹ má kun ún, ẹ má sè é. Kì í sì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré kiri. Òmíràn á kàn dákẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á rọ, itọ́ á máa ṣàn, yóò dà bí ẹni tí egungun há lọ́fun. Aláàánú á wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má dán an wò.

Ìlárá wà lójú ààlà, ajá kò sì mọ ìwé ìrìnnà. Bí ajá ìhà Bẹ̀nẹ̀ bá gba abẹ́rẹ́ tí ti ìhà Nàìjíríà kò gbà á, asán ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí àwọn baálẹ̀ ìhà méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí ọjọ́ kan, kí wọ́n kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì àti dókítà ẹran, kí wọ́n sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kétu. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún ìjà pẹ̀lú dìgbòlugi; ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí olórí ọdẹ ti kọ iye ajá ilé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, kí olúkúlùkù fi okùn tó yi so ajá rẹ̀ wá, kó sì jẹ́ àgbàlagbà ni yóò dì í mú, kì í ṣe ọmọdé.