Ẹ Má Jẹ́ Kí Àgbà Dá Jókòó Nínú Ooru

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró dè wọ́n? Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa ní Ṣakí ni mo fi òwe yìí bá wí, pàápàá láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tán tí òjò kò sì tíì dúró dáadáa. Tó bá ti di ọ̀sán gangan, páànù á máa rọ ooru lé ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sọ́jà, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Bàbá tàbí ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún á wà lórí àga, òun nìkan, títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ tó fi í síbẹ̀ ti ní, "Ẹ sinmi, Bàbá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó." Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí kò sí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí ọwọ́ kò sì rí nǹkan ṣe, ìyà ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní 2003 lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá ni wọ́n kárí, Ọ̀yọ́ tiwa sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n wo ohun tó ń jẹ́ kí ayé dùn mọ́ àgbàlagbà, ohun tó ń yọjú lemọ́lemọ́ ni àjọṣe: bí àárín òun àti ẹbí àti ọ̀rẹ́ ṣe rí, àti bóyá ó ṣì ń kópa nínú ohun tó ń lọ nínú ilé àti ládùúgbò. Ẹni tó ń fi owó oògùn ránṣẹ́ láti Èkó ń ṣe dáadáa. Kí ó tún máa béèrè pé ta ni ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án.

Ní ilẹ̀ Japan, níbi tí ó lé ní 29 nínú ènìyàn 100 ti pé ọdún 65 sókè, ìjọba dá ètò adójútòfò fún ìtọ́jú àgbà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Láti ogójì ọdún ni àwọn ará ìlú ti ń dáwó sí i. Ilé ìtọ́jú ọ̀sán wà lára ohun tí owó náà ń ṣe. Ọkọ̀ á wá gbé àgbà nílé láàárọ̀, wọ́n á yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, wọ́n á bá a wẹ̀, á jẹun ọ̀sán, á bá ẹgbẹ́ ṣeré, wọ́n á sì gbé e padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ooru ilẹ̀ wọn máa ń mú gan-an ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìdí nìyẹn tí eré ìgbà náà fi ń wáyé nínú ilé. Wọ́n á jókòó yíká lórí àga, wọ́n á máa gbá bàlúùnù láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n á kun abẹ̀bẹ̀ ní ọ̀dà. Nígbà àjọ̀dún Tanabata, wọ́n á kọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀ka ọparun.

Mo fẹ́ràn ètò yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́ níbẹ̀ ni ìpéjọ àti ọwọ́ tó ń rí nǹkan ṣe; eré fúnra rẹ̀, tiwa wà nílẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè ní oko Ṣakí fún àádọ́ta ọdún, bí a bá gbé bàlúùnù fún un, ó lè rò pé a ti sọ òun di ọmọdé. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀, kí ẹ sì wo bí ojú rẹ̀ yóò ti là.

Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ẹni tó ń ta ayò gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà nílé tirẹ̀ àti nílé ẹnìkejì, kí ó ṣírò ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, kí ó lè jẹ nígbà tí ihò ẹnìkejì bá pé méjì tàbí mẹ́ta. Ìka ń mú, ojú ń wò, iyè ń ṣírò, ẹnu ń fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá tí kò lè dá rìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́ ṣì lè jẹ́ ọ̀ta. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú pàápàá lè fi ọwọ́ ka ọmọ ayò. Ní Bronx, nílùú New York, àwọn dókítà tẹ̀lé àwọn 469 tó ti kọjá ọdún 75. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2003 ni pé àwọn tó ń kàwé, tó ń ṣe eré orí ọpọ́n, tó ń lu ohun èlò orin, tó sì ń jó, àrùn ìgbàgbé kò mú wọn tó àwọn yòókù. Èyí kò fi hàn dájú pé eré ló lé àrùn náà sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì dá ṣáká ló ń lè ṣeré. Síbẹ̀, n kò rí ìdí tí a ó fi dúró de ẹ̀rí mìíràn kí a tó gbé ọpọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyá kò ní jókòó ti ọpọ́n ayò. Iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ gbé fún wọn: ẹ̀pà pípa, ẹ̀gúsí bíbó, ẹ̀wà ṣíṣà. Irú nǹkan wọ̀nyí kò wọ́n ní agbègbè Òkè Ògùn wa. Ìyá tó bó igbá ẹ̀gúsí kan láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí ilé máa jẹ lálẹ́ ti ọwọ́ òun wá. Kí ó má di iṣẹ́ àṣekú o. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí ó bá jẹ́ ti títà, kí owó rẹ̀ dé ọwọ́ wọn. Níbi tí ìyá tó mọ òwú ràn bá ṣì wà, ẹ wá òwú fún un, kí ọmọbìnrin kan sì jókòó tì í kó máa wò ó. Iṣẹ́yìn tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè kò jìnnà sí wa, àmọ́ ẹ̀rọ ló ń ran èyí tó pọ̀ jù nínú òwú tí wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ tó ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án mọ fóònù lò, kò mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Màmá àgbà mọ oríkì, kò mọ bí a ṣe ń gba ohùn sílẹ̀. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Kí ọmọ béèrè ẹni tó kọ́ ilé yìí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sóko láyé àtijọ́, ohun tí wọ́n gbọ́ nípa Òkè Asábàrí ìlú wa nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Àlọ́ ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di alẹ́. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ kí a pàlọ́ lọ́sàn-án, ẹ má sì fipá mú wọn. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ẹ má ṣe máa bi í pé, "Ṣé ẹ mọ orúkọ mi?" Ìbéèrè yẹn ń dójú tì í. Ẹ sọ orúkọ yín fún un, kí ẹ dá orin kan tó mọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbè é. Orin máa ń wà lẹ́nu wọn lẹ́yìn tí orúkọ ti lọ.

Ara náà fẹ́ eré tirẹ̀. Ẹ fi àpàlà Haruna Ishola tàbí sákárà Yusuf Olatunji sí i, kí wọ́n jó lórí ìjókòó: kí wọ́n ju apá, kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fi gìgísẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí wákà á ṣe é. Kí àga ní ẹ̀yìn kó sì dúró dáadáa. Ẹ ká ẹní kúrò lọ́nà ẹsẹ̀ wọn. Ìṣubú kan ṣoṣo lè fọ́ egungun ìbàdí.

Ooru gan-an ńkọ́? Àgbàlagbà kì í tètè mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ òun, nítorí náà ẹ má ṣe dúró kí ó béèrè. Ẹ gbé omi àmù sítòsí, kí ẹ máa bu díẹ̀díẹ̀ fún un láàárín eré. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná ju ara lọ, fáànù nìkan á kàn máa fẹ́ ooru síni lára ni. Ẹ fi aṣọ tútù nu ọrùn àti apá rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀ púpọ̀; ẹni tó ń lò ó, ẹ bi dókítà rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe máa mumi, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ààwẹ̀ Ramadan ti 2025 àti ti 2026 bọ́ sí àárín ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an. Arúgbó tí ara rẹ̀ kò gbé e, ẹ̀sìn fún un láyè láti bọ́ tálákà dípò ààwẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì pe àlùfáà wá bá a sọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, tàbí tó dákú, ẹ gbé e sí ibi tútù, ẹ da omi sí i lára, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Wọ́n ti ṣí ilé ìtọ́jú àgbà Chief Tony Anenih ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, láti 2012, ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí Ṣakí. Ẹ má dúró de ilé bẹ́ẹ̀. Agboolé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tutù jù, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ lọ́sàn-án, ó tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹnìkan tí yóò máa bu omi. Kí wọ́n dé kí oòrùn tó mú, kí a sì sìn wọ́n lọ sílé nígbà tó bá ti rọlẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ọpọ́n lọ bá a nílé, kí wọ́n gbé e ka orí àpótí lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ta.